Ààfin Ni Ilé Ìlẹ̀kẹ̀ Wa Àkọ́kọ́

Ní ọdún 1917, nílùú New York, ìlẹ̀kẹ̀ ra ilé. Pierre Cartier, oníṣòwò ohun ọ̀ṣọ́ láti ilẹ̀ Faransé, kó ọgọ́rùn-ún dọ́là àti ẹ̀gbà ọrùn péálì ọlọ́wọ̀ọ́ méjì fún Morton Plant, ó sì gba ilé ńlá rẹ̀ tó wà ní Fifth Avenue. Mílíọ̀nù kan dọ́là ni wọ́n díye lé ẹ̀gbà ọrùn náà. Inú ilé yẹn ni Cartier ti ń tajà títí dòní. Irú ilé bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ wà lára ọjà: òkúta ara ògiri, igi tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí, ìtàn ẹni tó ti gbé ibẹ̀ rí, gbogbo rẹ̀ ló ń bá olówó sọ̀rọ̀ kí ó tó fọwọ́ kan wúrà.

Ọmọ Ọ̀yọ́ tó bá gbọ́ èyí, kó má jẹ̀ẹ́ kó ṣe é ní kàyéfì. Ní ilẹ̀ wa, ààfin ni ibi tí ọnà, ilé àti ìlẹ̀kẹ̀ ti pàdé.

Oṣù kìíní ọdún 1826 ni Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ará Scotland, dé Ọ̀yọ́ Ilé, olú ìlú Ọ̀yọ́ nígbà náà. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ará ìlú fẹ́ràn ọnà gbígbẹ́ sára ilẹ̀kùn àti òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó rí Aláàfin Májòtú pẹ̀lú ọ̀wọ́ mẹ́ta ìlẹ̀kẹ̀ dígí aláwọ̀ aró lọ́rùn. Adé tí ọba dé sórí lọ́jọ́ náà jọ ti òyìnbó, páálí tí wọ́n fi aṣọ òwú bò, ó sì dà bí ẹni pé láti etí òkun ni wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí i. Ààfin Ọ̀yọ́ kò bẹ̀rù ohun àjèjì. Ó gbà á, ó sì fi í sáàárín tirẹ̀. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ìwé ìtàn rẹ̀ jáde ní 1921, ka ẹ̀jìgbà mọ́ ohun tí Aláàfin fi ń gorí oyè. Ìlẹ̀kẹ̀ olówó iyebíye ni, ó ń gùn láti ọrùn dé orúnkún. Ọ̀pá ìlẹ̀kẹ̀ tún wà pẹ̀lú rẹ̀. Bákan náà ni kọ̀bì, òrùlé tó yọ síwájú lára ilé, ṣe jẹ́ ti ààfin: ará ìlú kì í kọ́ ọ sílé ara rẹ̀.

Òfin ni ìlẹ̀kẹ̀ jẹ́ nígbà náà. Ní 1903, Ọọ̀ni Adélékàn Olúbùṣe Kìíní fi Ilé-Ifẹ̀ sílẹ̀ lọ sí Èkó, nítorí Gómìnà MacGregor fẹ́ mọ̀ bóyá Ẹlẹ́pẹ̀ẹ́, ọba kan ní Rẹ́mọ, lẹ́tọ̀ọ́ láti dé adé ìlẹ̀kẹ̀. Ọọ̀ni ní kò lẹ́tọ̀ọ́.

Àwọn kan ṣì gbà pé òyìnbó ló kó gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ wa dé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí Leo Frobenius ará Jámánì ti wá gbẹ́lẹ̀ ní 1910, Ọ̀mọ̀wé Abidemi Babalola tún gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀ ní 2011 àti 2012. Ìlẹ̀kẹ̀ dígí tó lé ní 12,000 jáde, pẹ̀lú ọgọ́rọ̀ọ̀rún àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ dígí. Àyẹ̀wò fi hàn pé èròjà rẹ̀ yàtọ̀ sí ti Yúróòpù àti ti ilẹ̀ Lárúbáwá, ohun tó wà lórí ilẹ̀ níbí ni wọ́n fi ṣe é, láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Irú dígí kan náà dé Gao, ní orílẹ̀-èdè Mali.

Láyé àtijọ́, Ifẹ̀ ń yọ́ dígí. Ọ̀yọ́ ń gbẹ́ òkúta. Làǹtànà ni ìlẹ̀kẹ̀ pupa tí wọ́n ń fi òkúta líle ṣe, tí àwọn ọlọ́lá ń fi sọ́rùn. Wọ́n á fi òòlù kékeré ṣá òkúta náà títí yóò fi rí bí wọ́n ṣe fẹ́, wọ́n á fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ lu ihò sí i, wọ́n á wá máa fà á lórí òkúta mìíràn títí ara rẹ̀ á fi dán. Ihò yẹn gan-an ni iṣẹ́. Bí ọwọ́ bá wúwo díẹ̀, òkúta á là, gbogbo làálàá á sì di òfo. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú ní nǹkan bí 1835, tí Aláàfin Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó ní Àgọ́ Ọ̀jà, àwọn ìdílé tó mọ iṣẹ́ yìí ti forí lé Ìlọrin. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti gbilẹ̀, tí ayé fi gbàgbé pé iṣẹ́ Ọ̀yọ́ ni. Nígbà tó ṣe, ìlẹ̀kẹ̀ olówó pọ́ọ́kú láti òkèèrè gba ọjà mọ́ wọn lọ́wọ́, àwọn ọmọ wọn sì wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Ẹ dé Tákíé ní Ògbómọ̀ṣọ́ lónìí, tàbí ọjà Akẹ̀sán níwájú ààfin Ọ̀yọ́. Ẹni tó ń múra ìgbéyàwó á rí ìlẹ̀kẹ̀ rà. Iyùn gidi, láti inú Òkun Mẹditaréníà ló ti ń wá, ìlú Torre del Greco ní Ítálì sì gbajúmọ̀ fún gbígbẹ́ rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ ń wá láti Czech àti Ṣáínà, ike sì pọ̀ láàárín wọn. N kò bá àwọn ìyá tó ń tà á jà. Wọ́n mọ ọjà wọn: wọ́n á gbé iyùn lé àtẹ́lẹwọ́, ìwúwo àti ìtutù rẹ̀ á sọ fún wọn bóyá ojúlówó ni. Ohun tó ń dùn mí ni pé n kò tíì rí ilé kan láàárín ìlú méjèèjì tí ọmọdé lè wọ̀, kí ó rí sẹ̀gi, làǹtànà, ẹ̀jìgbà àti lágídígba tí wọ́n fi èèpo ẹkùrọ́ ṣe, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀ fún un.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò kọjá agbára wa. Ìjọba Èkó kọ́ John Randle Centre sí Oníkan fún àṣà Yorùbá. Nígbà tí iná jó Akẹ̀sán ní oṣù kìíní 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tún un kọ́. Àwọn agbẹ́gi, àwọn tó ń fín igbá àti àwọn oníṣẹ́ awọ ṣì wà ní Ọ̀yọ́ tí wọ́n lè ṣe ilẹ̀kùn, òpó àti àga rẹ̀. Jimoh Buraimoh, ayàwòrán ará Òṣogbo, ti fi hàn láti àwọn ọdún 1960 pé ìlẹ̀kẹ̀ lè di àwòrán tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri kárí ayé.

Kábíyèsí Aláàfin Owóadé, Kábíyèsí Ṣọ̀ún Ọláoyè ti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀yin lẹ fi ìlẹ̀kẹ̀ jọba. Ẹ ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé yìí ní Akẹ̀sán àti ní Tákíé, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí àwọn ìdílé oní-làǹtànà ní Ìlọrin kí ẹni tó bá ṣì mọ ihò í lù lára wọn wá kọ́ àwọn ọmọ wa.