Iyọ̀ Kọ́, Oòrùn Ni: Bí A Ṣe Lè Dáàbò Bo Awọ Àfín



Ní Ògbòòrò àti ní gbogbo ilẹ̀ ọ̀dàn Òkè Ògùn, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, igi kò pọ̀ lójú ọ̀nà oko bí ó ti pọ̀ ní ilẹ̀ igbó. Láti oṣù Kọkànlá tí òjò ti ń dáwọ́ dúró títí di oṣù Kẹta, ẹni tí ó ń kọ ebè tàbí tí ó ń ṣa kajú lè wà ní gbangba oòrùn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kí ó má rí ibòji kankan ju ti igi èmí kan ṣoṣo lọ. Awọ dúdú ni ó ń gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa sílẹ̀ lọ́wọ́ irú oòrùn bẹ́ẹ̀. Òógùn lè bò wá, orí lè fọ́ wa, ṣùgbọ́n awọ wa kì í sábà jó. Ọmọ kan wà láàrin wa, síbẹ̀, tí ìwọ̀n wákàtí kan péré nínú oòrùn ọ̀sán tó láti sọ awọ rẹ̀ di pípọ́n bí ẹni tí omi gbígbóná dà lé lórí. Ọmọ náà ni àfín. Nítorí tirẹ̀ ni a ṣe kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Nínú awọ ènìyàn ni aró kan wà tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń pè ní mẹ́lánììnì. Òun ni ó ń mú awọ àti irun dúdú, tí ó sì ń kun ẹyinjú. Òun náà ni ó ń gba ìtànṣán oòrùn mú kí ó tó wọlé lọ ba awọ jẹ́. Ara àfín kò lè ṣe aró yìí tó, ti ẹlòmíràn kò tilẹ̀ lè ṣe é rárá. Láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ni ó ti ń wá. Àwọn méjèèjì lè dúdú bí kóró iṣin, kí olúkúlùkù wọn sì máa gbé e kiri nínú ara láìmọ̀. Bí irú àwọn méjì bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ ara wọn, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ìrètí pé ọmọ náà yóò jẹ́ àfín. Ìyá kò ṣe panṣágà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìrìn ọ̀sán gangan tí abóyún rìn ni ó fà á. A mẹ́nu kan èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé ni ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kòbákùngbé lórí irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni Yorùbá ti ń ka àfín kún ẹni òrìṣà, ọmọ Ọbàtálá, tí a kò gbọdọ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọlá ni èyí, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ kan bá ọlá náà rìn: wọ́n ní àfín kì í jẹ iyọ̀, gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ òrìṣà náà ti jẹ́ àtẹ́. Wọ́n ní iyọ̀ ni ó ń mú kí àmì dúdú tóótòòtó yọ sí i lára. Nígbà tí àmì náà bá hàn ní imú àti èjìká, àwọn àgbà ilé a ní ọmọ náà ti jẹ iyọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ẹlòmíràn a tilẹ̀ nà án.

Ẹ jọ̀wọ́, nígbà tí ẹ bá ń wẹ ọmọ náà, ẹ wo ara rẹ̀ dáadáa. Ibo ni àmì náà pọ̀ sí? Ojú, etí, ẹ̀yìn ọrùn, apá, àti ẹ̀yìn ọwọ́ ni. Ẹ wá wo ikùn àti ìdí rẹ̀: awọ ibẹ̀ mọ́ lálá. Bí ó bá jẹ́ pé iyọ̀ ni, ṣebí inú ẹ̀jẹ̀ ni iyọ̀ ń gbà dé gbogbo ara, kí ló dé tí kò fi dé abẹ́ aṣọ? Oòrùn ni kò dé ibẹ̀.

Àtẹ́ náà ní ewu tirẹ̀. Láti ọdún 1993 ni wọ́n ti ń fi áyódíìnì sí iyọ̀ tí a ń tà ní Nàìjíríà, kí gẹ̀gẹ̀ má baà yọ sí wa lọ́rùn, kí ọpọlọ ọmọ sì lè dàgbà bí ó ti yẹ. Ọmọ tí a fi iyọ̀ dù, tí a sì tún rán lọ sí oko ní ọ̀sán, a ti ṣe é níbi lọ́nà méjì. Ẹ fún un ní ọbẹ̀ tí gbogbo ilé ń jẹ.

Ohun tí oòrùn ń fi sílẹ̀ sára àfín kì í tán pẹ̀lú ìrora ọjọ́ mélòó kan. Ní ọdún 1975, Dókítà A. N. Okoro tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí àwọn àfín Nàìjíríà jáde. Nínú àwọn tí ó yẹ̀ wò, kò rí ẹnì kan tí ó ti kọjá ọmọ ogún ọdún tí jẹjẹrẹ awọ, tàbí àmì tí ó ń ṣáájú rẹ̀, kò sí lára rẹ̀. Láti kékeré ni jíjó náà ti ń kó ara jọ.

Bí a ṣe ń dènà rẹ̀

Òjìji ni aago tí kò ní owó nínú. Bí òjìji ọmọ bá kúrú ju ọmọ náà lọ, oòrùn ti le. Kí ó wọlé tàbí kí ó wà ní ibòji. Láàrin aago mẹ́wàá òwúrọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni èyí sábà máa ń jẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìkùùkuu tàbí ọyẹ́ tàn yín: ara lè tutù, ìtànṣán náà yóò sì máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Aṣọ ni oògùn tí ó dára jù. Ẹ wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn tí ó dé ọrùn ọwọ́ fún un, pẹ̀lú ṣòkòtò tàbí síkẹ́ẹ̀tì tí ó dé ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ na aṣọ náà sí oòrùn, kí ẹ sì wò ó: bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ lára rẹ̀, ó ti fẹ́lẹ́ jù. Kíjìpá tí àwọn ìyá wa ń hun kò jẹ́ kí oòrùn kọjá, bí ó tilẹ̀ wúwo. Akẹtẹ̀ tí etí rẹ̀ gbòòrò ju fìlà lọ, nítorí pé fìlà kò bo etí, kò bo ọrùn. Agbòòrùn, orúkọ rẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ìpara tí ń dí oòrùn wà ní ilé ìtajà oògùn. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ SPF 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí lára. Ẹ fi í pa ojú, etí, ọrùn àti ọwọ́ kí ó tó jáde, kí ẹ sì tún un pa ní wákàtí méjì-méjì. Ó wọ́n, a mọ̀. Ẹni tí kò bá rí i rà, kí ó má ṣe fi aṣọ ṣeré. Òrí dára fún awọ gbígbẹ, ṣùgbọ́n kò lè dí oòrùn tó. Ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ibòji ni tirẹ̀.

Ẹ lọ bá olùkọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kí ọmọ náà jókòó níwájú, nítorí pé ojú àfín kì í sábà ríran jìnnà, kí ó sì jìnnà sí fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé. Kí wọ́n má ṣe fi ìkúnlẹ̀ inú oòrùn jẹ ẹ́ níyà. Ní oko, ẹ jẹ́ kí ó máa bó ẹ̀gẹ́ lábẹ́ àtíbàbà nígbà tí àwọn yòókù bá ń kọ ebè.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún àwọn tí ń bóra: aró kan náà tí àfín kò ní ni ẹ ń fi owó yín ra ìpara láti bà jẹ́. Oòrùn yóò jó ẹ̀yin náà.

Bí oòrùn bá ti jó o

Ẹ gbé e kúrò nínú oòrùn lójú ẹsẹ̀. Ẹ rẹ aṣọ mímọ́ sínú omi tútù, kí ẹ fi lé ibi tí ó pọ́n, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ fún un ní omi mu dáadáa. Paracetamol, ní ìwọ̀n ọjọ́ orí rẹ̀, lè dín ìrora kù. Ẹ má ṣe fún ọmọdé ní aspirin. Bí ara bá lé ròrò, ẹ má ṣe bẹ́ ẹ, nítorí pé awọ òkè náà ni ó ń dí kòkòrò àrùn. Ẹ má ṣe fi ọṣẹ ìfọyín, epo pupa, ẹyin tútù tàbí kẹrosíìnì sí i. Bí ìléròrò bá pọ̀, bí ibà bá dé, bí ọmọ bá ń bì tàbí tí ó bá ń sùn jù, tàbí bí ó bá jẹ́ ọmọ ọwọ́, ilé ìwòsàn yá.

Ní oṣooṣù, ẹ yẹ gbogbo ara àfín ilé yín wò, ọmọdé àti àgbà, pàápàá ètè, etí, ojú àti àtẹ́lẹ́ orí. Egbò tí kò san fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, èépá tí ó ń ṣí tí ó sì ń padà, kókó tí ó ń dàgbà tàbí tí ó ń ṣẹ̀jẹ̀: ẹ má ṣe dúró fi àgbo wò ó. Nígbà tí ó bá ṣì kéré, iṣẹ́ abẹ díẹ̀ a máa mú un kúrò pátápátá. Bí ó bá ti wọ inú, ẹ̀mí ni ó ń wá. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ṣakí, tí wọ́n lè ti kọ ìwé fún un lọ sí UCH ní Ìbàdàn níbi tí àwọn dókítà awọ ara wà. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ rí egbò náà sílẹ̀ sínú ìwé, nítorí pé òun ni ohun àkọ́kọ́ tí dókítà yóò bi yín.