Ṣé O Mọ̀? Okùn Tó Nípọn Jù ni Kí O Fi Bẹ̀rẹ̀

Ẹni tó fẹ́ ra okùn fún gìtá béèsì olókùn márùn-ún sábà máa ń béèrè iye owó kó tó béèrè nọ́ńbà. Nọ́ńbà ló yẹ kó ṣáájú, pàápàá nọ́ńbà okùn tó nípọn jù. Ìwọ tó ń gbé Yankaba ní Kano, tó ń gbé béèsì sínú kẹ̀kẹ́ Adaidaita Sahu lọ síbi ìdánrawò ní Sabon Gari, tìrẹ nìyí.

Ṣé o mọ̀ pé B, E, A, D àti G ni okùn máràrùn-ún, bí a bá kà wọ́n láti orí èyí tó nípọn jù? B ń gbọ̀n nígbà bíi 31 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, E nígbà 41, G nígbà 98. Lórí dùùrù, kọ́kọ́rọ́ funfun kejì láti ìpẹ̀kun ọwọ́ òsì ni B yẹn.

Ṣé o mọ̀ pé E ni òpin ìsàlẹ̀ fún béèsì olókùn mẹ́rin? Bẹ́ẹ̀ ló rí láti ìgbà tí Leo Fender ti gbé Precision Bass jáde ní 1951. Bí aṣáájú orin bá mú orin ní E♭, olókùn mẹ́rin á gòkè lọ wá dò. Ìwọ á tẹ fírẹ́ẹ̀tì kẹrin lórí B, dò ìsàlẹ̀ pátápátá ti wà níbẹ̀. D wà ní fírẹ́ẹ̀tì kẹta, C ní ìkínní.

Ṣé o mọ̀ pé òkè ni wọ́n kọ́kọ́ fi okùn karùn-ún sí? Fender Bass V ti 1965 ní C tín-ín-rín lẹ́yìn G, kò ní B kankan. Ní 1976 ni Jimmy Johnson, ará Amẹ́ríkà, fi B sí béèsì Alembic tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Music Man gbé StingRay 5 jáde ní 1987, látìgbà náà ni béèsì oní-B ti ń pọ̀ lọ́wọ́ àwọn olórin.

Ṣé o mọ̀ ohun tó fà á tí B fi gbọ́dọ̀ nípọn? Wo onílù dùndún: ó fún ọsán, ohùn lọ sókè, ó dẹ ọsán, ohùn wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni okùn gìtá rí. Bí o bá dẹ okùn E títí ó fi di B, bíi 56 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni agbára tó ń fà á yóò kù. Á rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, á máa lu fírẹ́ẹ̀tì. Kí ohùn tó lè wálẹ̀ láìjẹ́ pé okùn dẹ̀, àfi kí a fi kún ìwúwo rẹ̀: B nílò ìwúwo tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti E lọ́nà méjì.

Ṣé o mọ ìtumọ̀ 45-65-80-100-130 tó wà lára páálí? Ìnípọn okùn kọ̀ọ̀kan ni, bí a bá pín íǹṣì kan sọ́nà ẹgbẹ̀rún. Okùn 130 nípọn tó mìlímítà 3.3, 45 kò ju mìlímítà 1.1 àti díẹ̀ lọ.

Ṣé o mọ̀ pé pẹ̀lú gbogbo ìnípọn yẹn, B ló sábà máa ń dẹ̀ jù nínú máràrùn-ún? Ìdí rèé tí mo fi ní kí o tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí ìka rẹ bá fẹ́ẹ́rẹ́, 125 tó. Bí ó bá jẹ́ pé o máa ń fi agbára ta á lásìkò ìyìn ní ìjọ, mú 130. Bí B bá ṣì ń lu fírẹ́ẹ̀tì, wá 135. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí o wá wo bóyá G jẹ́ 40 tàbí 45.

Ṣé o mọ̀ pé gígùn ọrùn gìtá náà ní ìpín nínú ọ̀rọ̀ yìí? Mú tépù télọ̀. Wọn ọ́n láti ibi tí okùn ti kúrò lórí gìtá dé fírẹ́ẹ̀tì kejìlá, kí o sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Íǹṣì 34 ló wọ́pọ̀. Àwọn kan jẹ́ 35. Okùn kan náà, ohùn kan náà, íǹṣì kan péré tó lé yẹn máa ń mú okùn le sí i ní ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún. B á dúró gbọn-in. Ṣùgbọ́n kí o rí i pé okùn tí o rà gùn tó.

Ṣé o ti wo ìdí okùn B dáadáa rí? Fà á yọ nínú páálí, kí o fi ìka tọ ọ̀nà rẹ̀ dé ibi bọ́ọ̀lù kékeré tó wà nípẹ̀kun. Lára àwọn kan, okùn á ṣàdédé tín-ín-rín kó tó kan bọ́ọ̀lù náà: wọn ò wé wáyà ìta débẹ̀. Ìyẹn jẹ́ kí ó lè tẹ̀ dáadáa lórí bíríìjì, kí ohùn rẹ̀ sì já gaara. Àwọn mìíràn nípọn dé ìdí. Méjèèjì ló dára, ṣùgbọ́n bí o bá pààrọ̀ ọ̀kan sí èkejì, o ní láti tún gíga B ṣe lórí bíríìjì.

Ṣé o mọ̀ pé bí wọ́n ṣe wé wáyà ìta ló ń pinnu ohùn? Roundwound ni èyí tí wáyà rẹ̀ rí roboto, tó ń ha ìka, tó ń dún ketekete. Ilé-iṣẹ́ Rotosound àti John Entwistle, atabéèsì ẹgbẹ́ The Who, ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀ láti 1966 ní Ìlú Ọba. Flatwound ń dán, ohùn rẹ̀ kún, kò sì pariwo. Òun ni James Jamerson, atabéèsì ilé-iṣẹ́ orin Motown, máa ń lò nígbà ayé rẹ̀, kì í sì í fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń gbá okùn bí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ṣe ń ṣe, kó mú round. Ẹni tó fẹ́ ohùn jùjú tàbí háíláìfù àtijọ́, kó gbìyànjú flat.

Ṣé o mọ̀ pé kí béèsì tó gbòde, agídìgbo ló ń dún ìsàlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ olórin Yorùbá? Haruna Ishola mú un sínú àpàlà rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn ohùn yẹn kì í bínú sí okùn tí kò dún gbinrin.

Ṣé o mọ̀ pé irin tí kì í dípẹtà, stainless, ń dún gbinrin ju níkẹ́ẹ̀lì lọ, ṣùgbọ́n ó ń tètè jẹ fírẹ́ẹ̀tì? Fún gìtá tí o fẹ́ lò pẹ́, níkẹ́ẹ̀lì fọkàn balẹ̀ jù.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀tá okùn ní Kano kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ti Èkó? Ní Èkó, ọ̀rinrin ló ń dípẹtà sí i lára. Ní Kano, lásìkò ọyẹ́, eruku ni. Eruku àti òógùn á kó sáàárín wáyà roundwound, okùn á kú láìjá. Aṣọ òwú gbígbẹ ni oògùn rẹ̀: nù ún lókè àti lábẹ́ kí o tó dá gìtá padà sínú àpò. Flatwound kì í gba eruku tó bẹ́ẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ọyẹ́ yìí kan náà ń gbẹ igi ọrùn gìtá? Igi á súnkì, okùn á sún mọ́ fírẹ́ẹ̀tì, á wá máa dún zz-zz. Má sáré dá okùn lẹ́bi. Fi irin inú ọrùn gìtá han ẹni tó mọ̀ ọ́n yí.

Ṣé o mọ̀ pé okùn tó ti kú lè jí fúngbà díẹ̀? Àwọn kan ń rẹ ẹ́ sínú sípíríìtì mọ́jú, wọ́n á sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí wọ́n tó so ó padà. Má gbé e sún mọ́ iná, má sì jẹ́ kó kan ọ̀dà ara gìtá.

Ṣé o mọ̀ pé kò yẹ kí o gé okùn kí o tó tẹ̀ ẹ́? Bí o bá gé e nílẹ̀ lásán, wáyà ìta lè tú, B á sì di òkú tuntun. Tẹ̀ ẹ́ ní igun mọ́ pẹ́ẹ̀gì ná, kí o wá gé ohun tó kù. Lọ́kọ̀ọ̀kan sì ni kí o máa pààrọ̀ wọn.

Ṣé o mọ̀ pé B dídára lè má hàn rárá nínú ẹ̀rọ agbóhùnsókè kékeré? Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ò lè gbé ohùn 31 yẹn jáde. Ohùn òkè tó bá a rìn ni etí fi ń dá a mọ̀. Bí ẹ̀rọ ìjọ yín bá kéré, okùn tó ń dún ketekete á ràn ọ́ lọ́wọ́ ju èyí tó nípọn sí i lọ.

Ṣé o mọ̀ pé ayédèrú okùn pọ̀ lọ́jà débi pé ilé-iṣẹ́ D'Addario ń tẹ nọ́ńbà àyẹ̀wò sínú páálí tirẹ̀? Yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù rẹ.

Nítorí náà, bí o bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n tó ń ta ohun èlò orin, má kàn sọ pé, "Ẹ bá mi mú okùn béèsì." Sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjà o. Olókùn márùn-ún ni, oní-B, íǹṣì 34. Mo fẹ́ roundwound níkẹ́ẹ̀lì, kí B rẹ̀ jẹ́ 130." Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó dúnàádúrà.