Etí Tó Mọ Gúdúgúdú

Ẹni tó bá ti jókòó ní òde ìnáwó tí àwọn onídùndún ti ń ṣeré mọ iṣẹ́ tí ìlù kọ̀ọ̀kan ń ṣe, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ gbogbo wọn. Ìyá ìlù ló ń sọ̀rọ̀, òun ló ń ki olówó títí olówó á fi kọwọ́ bàpò. Kẹríkẹrì ń hùn nísàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n bó bá dákẹ́, ẹsẹ̀ oníjó á mọ̀ pé nǹkan kan ti yẹ̀. Gúdúgúdú, ìlù kékeré tí wọ́n ń gbé kọ́ ọrùn tí wọ́n sì ń fi bìlálà méjì lù, ń sáré lókè láìsinmi. Lórí gbogbo wọn ni ṣaworo tí wọ́n so mọ́ etí ìyá ìlù ti ń dún wínníwínní. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa nílé ìwé bí a ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ pọ̀n jó ti ń yà wọ́n.

Etí yìí kan náà ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sí ìdí tábìlì àwọn tó ń ta íápíìsì ní Aduwawa. Fún ẹni tí kò dé Benin rí, Aduwawa ni àdúgbò tó wà lójú títì tó lọ sí Auchi. Ẹni tó bá ń ti Abuja bọ̀ á gba ibẹ̀ kọjá kó tó dé Ramat Park. Ọjà màlúù wà níbẹ̀, tírélà kì í tán lójú ọ̀nà, jẹnẹrétọ̀ ń dún níwájú ṣọ́ọ̀bù, àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń pèrò. Láàárín ariwo yìí ni wọ́n ti ń ta íápíìsì tí wọ́n ń ki bọ ihò etí, lábẹ́ agbòòrùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn oní-POS: òmíràn nínú páálí dáadáa, òmíràn nínú nylon lásán, òmíràn tí kò ní wáyà rárá. Èyí tí owó búrẹ́dì kan lè rà wà níbẹ̀, èyí tí ẹ ó kọ́kọ́ lọ bá ìyàwó ilé sọ kí ẹ tó rà náà wà. Pidgin la fi ń dúnàádúrà, ìpolówó kan ṣoṣo ló sì wà lẹ́nu gbogbo wọn: “Bros, dis one get bass well well.” Bó bá jẹ́ obìnrin ni yín, “Aunty” ni wọ́n á pè yín, ṣùgbọ́n béèsì náà ni wọ́n á tà fún yín.

Béèsì tí wọ́n ń polówó yẹn, ilé kẹríkẹrì ni. Ìró tí etí ọmọ ènìyàn lè gbọ́ bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 20 Hz, ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ gbọ̀n ní ìgbà 20 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì gòkè dé nǹkan bí 20,000 Hz fún etí ọ̀dọ́; etí àgbà kì í débẹ̀ mọ́. Kẹríkẹrì àti gìtá béèsì wà nísàlẹ̀, akọrin àti ìyá ìlù wà láàárín, gúdúgúdú wà lókè wọn díẹ̀, ṣaworo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà lókè téńté. Nínú ọ̀pọ̀ íápíìsì pọ́ọ́kú, awọ kan ṣoṣo ló ń dún gbogbo èyí: awọ ike tín-ín-rín tí ìbú rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín mílímítà 6 sí 10, pẹ̀lú wáyà tí wọ́n ká mọ́ ọn lẹ́yìn àti òòfà kékeré. Bí iná láti inú fóònù bá ti wọ wáyà náà, òòfà á máa tì í, á máa fà á, awọ á sì máa gbọ̀n. Ìlù kan ṣoṣo ni, ó sì gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ odidi ẹgbẹ́ onílù. Ẹni tó bá fẹ́ fi béèsì tajà lè jẹ́ kí kẹríkẹrì rẹ̀ gbé ohùn ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ, kò sì ní ná an ní owó púpọ̀. Ohun tó le ni kí kẹríkẹrì hùn kí gúdúgúdú má sì sọnù.

Ìró ìsàlẹ̀ ní ìwà kan tí àwọn onímọ̀ méjì, Wegel àti Lane, ti kọ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti 1924: ó rọrùn fún un láti bo ìró òkè mọ́lẹ̀ ju kí ìró òkè bo òun lọ. Béèsì tó bá ti pọ̀ jù kì í dá dúró sáyè ara rẹ̀. Ó ń gòkè lọ pa ọ̀rọ̀ ẹnu akọrin, ó ń pa gúdúgúdú, tí orin á fi di wúyẹ́wúyẹ́ tí ilẹ̀ ń mì lábẹ́ rẹ̀.

Kí ló wá dé tí íápíìsì tí béèsì rẹ̀ pọ̀ jù fi ń tà bẹ́ẹ̀? Lójú tèmi, ibi tí a ti ń dán an wò ló fà á. Ariwo ẹ́ńjìnnì tírélà àti ti jẹnẹrétọ̀, ìsàlẹ̀ ló pọ̀ sí jù. Ariwo yẹn ń jẹ béèsì inú íápíìsì. Èyí tí béèsì rẹ̀ wà ní ìwọ̀n á ṣe bí ẹni pé kò ní béèsì rárá ní ìdí tábìlì yẹn. Èyí tó ti kọjá ààlà ni etí yóò yìn. Ẹ sanwó, ẹ gbé e délé, ó di alẹ́, wọ́n pa jẹnẹrétọ̀, ẹ tún fi í sétí: kẹríkẹrì ti gba gbogbo òde lọ́wọ́ àwọn tó kù. Ọlọ́jà kò purọ́ fún yín. Títì Auchi ló bá a tajà.

Ẹ jẹ́ kí n ya bàrá díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ tẹlifóònù, nítorí ó kàn wá ju bí a ṣe rò lọ. Ìlà tẹlifóònù àtijọ́ kì í gbé ìró tó wà nísàlẹ̀ 300 Hz, kì í sì í gbé èyí tó ju 3,400 Hz lọ. Bẹ́ẹ̀ ìpìlẹ̀ ohùn ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ sábà máa ń wà láàárín 85 sí 180 Hz. Ìyẹn ni pé nígbà tí bàbá yín ń pè yín láti Ìbàdàn láyé ìgbà yẹn, ìpìlẹ̀ ohùn wọn kò wọ inú wáyà rárá. Síbẹ̀ ẹ mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀ lẹ́nu wọn, ẹ sì mọ̀ bí inú ń bí wọn. Ohùn kì í dá rìn ni. Bí ìpìlẹ̀ bá ti wà, ìró mìíràn tó jẹ́ ìlọ́po rẹ̀ méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, á máa tẹ̀ lé e lókè, ọpọlọ á sì ti ara àwọn wọ̀nyí mọ ìpìlẹ̀ tí etí kò gbọ́. Nítorí náà ni íápíìsì tí béèsì rẹ̀ kò pọ̀ fi lè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìyá ìlù yé wa yékéyéké. Èyí tó bá ba àárín jẹ́, láti nǹkan bí 300 Hz títí kan 3,000 Hz, ti ba èdè fúnra rẹ̀ jẹ́. Ẹni tó ń sọ èdè olóhùn, ìbáà jẹ́ Yorùbá tàbí Ẹ̀dó, ibẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ wò kó tó béèrè béèsì.

Ihò etí náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ti àgbàlagbà gùn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 2.5, ó ṣí sí òde, ìlù etí dí i nínú. Bí a ṣe dá a nìyẹn, ó máa ń fúnra rẹ̀ gbé ìró tó wà ní agbègbè 3,000 Hz ga, ọpọlọ sì ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Bí a bá ki íápíìsì bọ̀ ọ́, a ti dí ẹnu ọ̀nà, ẹ̀bùn yẹn á bá a lọ. Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á ṣe íápíìsì tó dá a padà ní ìwọ̀n. Bí kò bá dá a padà tó, akọrin á máa kọrin láti ọ̀nà jíjìn. Bó bá dá a padà jù, ohùn obìnrin àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á máa gún ni létí. Ṣíṣe àtúnṣe yìí kò nílò wúrà tàbí fàdákà. Ìmọ̀ àti sùúrù ló nílò, ìdí sì nìyẹn tí íápíìsì pọ́ọ́kú kan fi lè dáa tí ẹnìkejì rẹ̀ tí iye wọn dọ́gba kò fi dáa.

Rọ́bà ẹnu rẹ̀ ńkọ́? Afẹ́fẹ́ tó há sí àárín rọ́bà yẹn àti ìlù etí ló ń gbé béèsì wá bá wa. Bí àlàfo bá wà níbẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, béèsì á jò dànù. Wọ́n sábà máa ń fi rọ́bà mẹ́ta sí i, kékeré, àárín àti ńlá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í yọ àwọn yòókù kúrò nínú nylon títí íápíìsì á fi bàjẹ́. Etí ọ̀tún àti ti òsì kì í sì í fi gbogbo ìgbà dọ́gba. Ọ̀pọ̀ íápíìsì tí a ti bú, ẹjọ́ rọ́bà ló ń jẹ.

Ó wá ku owó. Ní 2017, Jeroen Breebaart gbé ìwádìí jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ìró ní Amẹ́ríkà. Ó kó àwọn ẹ̀rọ ìfetígbọ́ 283 jọ, èyí tí a ń dé lórí àti èyí tí a ń ki bọ etí, ó fi bí ìró wọn ṣe pín sí ìsàlẹ̀, àárín àti òkè wé iye tí wọ́n ń tà wọ́n. Kò rí i pé ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Ẹ̀rọ olówó ńlá kò fi ìyẹn sunwọ̀n ju ti pọ́ọ́kú lọ. Ní ilé iṣẹ́ Harman, Sean Olive àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí àwọn olùgbọ́ fi etí yan ìró tí wọ́n fẹ́ láìmọ orúkọ tàbí iye ohun tí wọ́n ń gbọ́. Ìró kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn ń yàn: àárín tó mọ́, òkè tí kò gún etí, béèsì tó lé ní ìwọ̀n. Ní ìwọ̀n ni mo wí o.

Nígbà tí Etymotic, ilé iṣẹ́ Mead Killion tó ti ìdí iṣẹ́ ẹ̀rọ àwọn tí kì í gbọ́ràn dáadáa wá, gbé ER-4 jáde ní 1991, ẹrù olówó ni íápíìsì inú etí tó péye. Ní 2022, ilé iṣẹ́ Moondrop ti Chengdu ní Ṣáínà gbé Chu jáde, ilé iṣẹ́ 7Hz náà gbé Salnotes Zero jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí $20, ìró àwọn méjèèjì kò sì jìnnà sí ohun tí àwọn olùgbọ́ Harman yàn. Inú ẹni tó wà ní Peckham ní London tàbí Houston ní Amẹ́ríkà á dùn sí ìròyìn yìí ju tiwa lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, $20 kò ju nǹkan bí ₦9,300 ní iye ìjọba. Ìjọba tú náírà sílẹ̀ kí ọjà fúnra rẹ̀ máa dá iye rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, nígbà tó sì di àárín 2024 tí dọ́là kan di ₦1,500, íápíìsì kan náà ti di ₦30,000, iye kan náà pẹ̀lú owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin là sílẹ̀ láti 2019 títí di oṣù keje 2024. Ẹ ò lè bá òṣìṣẹ́ tó ń wọ kẹ̀kẹ́ láti Aduwawa lọ sí Ring Road jiyàn pé pọ́ọ́kú nìyẹn.

Èyí tó wà lójú ọ̀nà ni Oraimo, tí Transsion tó ni Tecno, Infinix àti itel ń ṣe, àti àwọn tí kò lórúkọ, àti àwọn tó jí orúkọ ẹlòmíràn lò. Níbi tí iye ti kéré báyìí, ohun tí owó díẹ̀ sí i ń rà kì í sábà jẹ́ ìró. Wáyà tó nípọn ló ń rà, àti ọrùn wáyà tó ní ààbò níbi tó ti wọ orí irin, nítorí ibẹ̀ ló máa ń já. Ó tún ń ra makirofóònù tí ẹni tí ẹ ń pè á fi gbọ́ yín láàárín ariwo. Ti aláìníwáyà ń gba apá kan nínú owó yín fún bátìrì, Bluetooth àti àpótí tí a fi ń gba iná sí i. Nítorí náà, bí iye wọn bá dọ́gba, oníwáyà ni mo máa ń retí ìró tó dáa lọ́dọ̀ rẹ̀. Bátìrì kékeré yẹn náà á darúgbó, wáyà kì í béèrè iná NEPA. Àwọn ọ̀dọ́ ò ní gbà fún mi, mo sì mọ̀ pé wáyà máa ń kọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn.

Àǹfààní rọ́bà tó bá etí mu dáadáa tún wà níbi ìlera. Ó ń dí ariwo òde lọ́nà, a kò sì ní fi orin bá tírélà díje. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má fi etí gbọ́ ìró tó lágbára tó 80 dB ju wákàtí 40 lọ lọ́sẹ̀ kan. Fún ọmọdé, 75 dB ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ sọdá títì Auchi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ méjèèjì kúrò létí.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ rà á, orin tí ẹ mọ̀ látorí dé ìdí ni kí ẹ fi dán an wò, kì í ṣe èyí tí ọlọ́jà fi sí fóònù tirẹ̀. Oroki Social Club tí Haruna Ishola kọ ní 1971 dára fún un: agídìgbo ń hùn nísàlẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà lókè, ohùn Haruna jókòó sáàárín bí ọba. Bí agídìgbo bá bo ẹnu rẹ̀, ẹ dá a padà. Gìtá Victor Uwaifo nínú orin Joromi á fi hàn bóyá àárín rẹ̀ mọ́ tàbí ó ń gún etí. Ọmọ Benin ni, kò ní bú yín pé ẹ dán ọjà wò pẹ̀lú òun nílùú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ti Rema, ọmọ Benin tó kéré jù ú, lẹ ń gbọ́ lójoojúmọ́, ẹ lo tirẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni béèsì tí wọ́n ń tà fún yín ti níṣẹ́ gidi láti ṣe. Kí ẹ kàn wò ó bóyá ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ṣì ń jáde lókè béèsì yẹn. Ẹ nu rọ́bà náà kí ẹ tó ki í bọ etí, ẹ bọ́ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù níbi tí ariwo ti rọlẹ̀, kí ẹ sì gbọ́ ọ dé ìdajì orin. Bí ọlọ́jà bá ní àfi kí ẹ sanwó kí ẹ tó gbọ́, tábìlì mìíràn ń bẹ níwájú.