Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́: Ìṣirò tó yẹ kí òbí ṣe ní Adó-Èkìtì kí ọmọ tó yan iléèwé gíga

Bí èsì ìdánwò JAMB bá ti jáde, tí àwọn ọmọ SS3 sì ń parí WAEC, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń wà lẹ́nu àwọn òbí ní Adó-Èkìtì, láti Òkèṣà títí dé Ọjà Ọba: “Iléèwé wo lọmọ yín mú?” Láyé ìgbà kan, bí ọmọ bá ti yege, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ní báyìí, ọjọ́ tí ọmọ bá yege gan-an ni ìṣirò owó ń bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe pé iléèwé wọ́n ní Èkìtì. Ní Adó nìkan, EKSU tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ wà lọ́nà Ìwòròkó. Federal Polytechnic àti ABUAD, yunifásítì aládàáni tí agbẹjọ́rò àgbà Afẹ́ Babalọlá dá sílẹ̀ ní 2009, wà lọ́nà Ìjàn. FUOYE tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2011 wà ní Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé. BOUESTI náà wà ní Ìkẹ́rẹ́. Iléèwé pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ owó tí kálukú wọn ń béèrè kò dọ́gba.

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọbìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ, bàbá rẹ̀ jẹ́ tíṣà ìjọba, àbúrò méjì sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ náà fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ìṣirò owó, ìyẹn accounting. Ó gba 210 nínú JAMB. Ní 2025, 150 ni máàkì tó kéré jù tí JAMB fọwọ́ sí fún yunifásítì, 100 sì ni ti pólì. Nípa ti máàkì, gbogbo ilẹ̀kùn ló ṣí sílẹ̀ fún un láti kànkùn. Àpò àwọn òbí rẹ̀ ló kù.

ILÉ TÀBÍ ÌDÁLẸ̀?

Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kọ́kọ́ máa ń wò ni owó iléèwé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ṣìṣe. Ìjọba àpapọ̀ kì í gba owó ìkẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ọmọ tó ń ṣe dìgírì àkọ́kọ́ ní yunifásítì rẹ̀, àmọ́ owó ìgbàwọlé, owó ìforúkọsílẹ̀ àti àwọn owó mìíràn wà níbẹ̀. Ti ìpínlẹ̀ ń gba owó ìkẹ́kọ̀ọ́ ní tirẹ̀. Lójú, FUOYE ló dà bí ẹni pé owó rẹ̀ máa kéré jù.

Ṣùgbọ́n bí ọmọ Adó bá lọ sí Ọ̀yẹ́, ó di dandan kó gba yàrá, kó ra ibùsùn àti ìkòkò, kó sì máa dá oúnjẹ ara rẹ̀ se. Bó bá sì ní òun á máa lọ òun á máa bọ̀, owó mọ́tò wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, kò sí ẹni tó ń wọ mọ́tò lọ́nà Ìwòròkó sí Ìfàkì tí kò mọ ohun tó dé bá owó ọkọ̀. Ọmọ tó bá wọ EKSU lè máa ti ilé lọ, kó jẹ nínú ìkòkò ìyá rẹ̀. Nítorí náà, kí òbí ro owó iléèwé, owó ilé, owó oúnjẹ àti owó mọ́tò pọ̀ kó tó sọ pé ibì kan dín sí ibòmíràn.

Ìṣirò mìíràn tún wà. Ní 2020, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ASUU, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ní March, ó di December kí wọ́n tó wọlé. Ní 2022, láti February 14 títí di October 14, oṣù mẹ́jọ gbáko ni. Onílé kì í dá owó padà nítorí ìyanṣẹ́lódì. Ẹni tó gba yàrá sanwó fún ilé tí kò gbé, ẹni tó ń gbé ilé òbí rẹ̀ kò pàdánù tó bẹ́ẹ̀. Iléèwé aládàáni kì í bá wọn yanṣẹ́ lódì ní tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn òbí kan fi ń forí tì í. Àmọ́ mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù ni wọ́n ń san níbẹ̀, àbúrò méjì sì ń bọ̀ lẹ́yìn.

OWÓ ẸLẸ́YÀÁ ÌJỌBA

Láti 2024 tí Ààrẹ Bọ́lá Tinubu ti fọwọ́ sí òfin NELFUND, akẹ́kọ̀ọ́ lè yá owó lọ́wọ́ ìjọba láìsan èlé. Àjọ náà máa ń san owó iléèwé tààrà fún iléèwé, ó sì máa ń fún ọmọ ní 20,000 náírà lóṣù fún ìnáwó ara rẹ̀ bó bá béèrè fún un. Iléèwé ìjọba nìkan ló wà fún. Ẹni tó bá yan ABUAD, kó mọ̀ pé owó yìí kò sí nínú ìṣirò tirẹ̀.

Àmọ́ gbèsè ni o, kì í ṣe ẹ̀bùn. Ká ní ọmọ náà gba 20,000 fún oṣù 12, 240,000 nìyẹn lọ́dún. Lọ́dún mẹ́rin, ó di 960,000 náírà, a kò tíì ka owó iléèwé mọ́ ọn. Ọdún méjì lẹ́yìn tó bá sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ tán ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í san án, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé owó oṣù tó kéré jù tí òfin 2024 gbà, ìyẹn 70,000, ló ń gbà, 7,000 ni wọ́n á máa yọ. Yóò gbà á tó ọdún 11 àti oṣù márùn-ún láti san 960,000 yẹn nìkan. Ọmọ tó ń jẹun nílé lè yá owó iléèwé, kó sì fi 20,000 oṣooṣù sílẹ̀.

Ẹ MÁ FOJÚ TẸ́ŃBẸ́LÚ PÓLÌ

Ọ̀pọ̀ òbí kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ pólì. Lóòótọ́, àwọn agbanisíṣẹ́ kan ṣì ń fi dìgírì ṣáájú HND. Àmọ́ fún iṣẹ́ tí ọmọ yìí fẹ́ ṣe, ẹni tó ní HND accounting àti ẹni tó ní dìgírì ló lè ṣe ìdánwò ICAN, ìwé-ẹ̀rí ICAN ló sì ń sọ ẹni di akáǹtáǹtì ní tòótọ́. Ọdún méjì ni ND, lẹ́yìn náà ni ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́, tí ọmọ lè fi rí owó díẹ̀, kó tó wá lo ọdún méjì fún HND. Ọmọ pólì náà lè yá owó NELFUND.

KÍ ÀKÓKÒ TÓ LỌ

Orí CAPS, ìkànnì tí JAMB dá sílẹ̀ ní 2017, ni ìgbàwọlé tó bófin mu ti ń jáde. Ibẹ̀ náà ni ọmọ ti máa sọ bóyá òun gbà á tàbí òun kọ̀ ọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun á bá yín “ṣe é lẹ́yìn”, gbájúẹ̀ ni, ẹ má fún un lówó. Kí ẹ má sì fi ìrètí iléèwé ńlá dá ọdún dúró láìnídìí, nítorí máàkì JAMB ọdún yìí kò ṣeé lò lọ́dún tó ń bọ̀.

Tí òbí bá fi ìwé àti bírò jókòó pẹ̀lú ọmọ ní alẹ́ ọjọ́ kan, kí wọ́n kọ ohun tí iléèwé kọ̀ọ̀kan máa ná wọn fún ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí wọ́n fi ọdún kan kún un nítorí ìyanṣẹ́lódì, kí wọ́n sì ka àbúrò tó wà lẹ́yìn mọ́ ọn. Ọmọbìnrin wa yìí lè rí i pé EKSU tó wà nítòsí ilé ló máa jẹ́ kí òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ jọ kàwé. Ìdílé mìíràn lè ṣe ìṣirò tirẹ̀, kó já sí Ọ̀yẹ́ tàbí pólì. Kò sí èyí tó jẹ́ ìtìjú níbẹ̀. Iléèwé tí ọmọ wọ̀ tí owó sì tán ní ìpele kejì ló ń ba ni lọ́kàn jẹ́.