Ẹ̀TÙ TÍ A FỌWỌ́ KÌ LÈ PA ẸNI TÓ Ń YÌNBỌN! — Ọ̀rọ̀ ń bẹ fún àwọn ọdẹ àdúgbò Ìkọ̀tún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgándò

Bí aago mọ́kànlá alẹ́ bá ti lù ní Alímọ̀ṣọ́, tí wọ́n ti ti géètì àdúgbò pa, àwọn ọdẹ tí ẹgbẹ́ onílé gbà síṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri. Fèrè lẹ́nu, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ìbọn ṣakabùlà léjìká. Ẹni tó bá gbọ́ fèrè yẹn lórí bẹ́ẹ̀dì á yí ẹ̀gbẹ́ kejì, á sùn lọ ní tirẹ̀. Ta ló rántí béèrè pé ta ló ki ìbọn yẹn, ìgbà wo ló kì í, kí ló sì kì sínú rẹ̀?

Àwọn àgbà ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ ká kọjú ẹ̀ kọ òun? Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ẹnu ìbọn nìkan ni wọ́n ń bá wí. Ìbọn tí wọn kò kì dáadáa, ìdí rẹ̀ gan-an léwu ju ẹnu lọ, nítorí ìdí yẹn ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ẹni tó ń yìn ín.

ṢÉ WỌ́N TI KÌ Í TÀBÍ WỌN Ò TÍÌ KÌ Í?

Ẹnu ni wọ́n ti ń ki ṣakabùlà. Ẹ̀tù á kọ́kọ́ wọlé, wọ́n á fi nǹkan dí i, wọ́n á kó ọta lé e, wọ́n á tún dí i, wọ́n á wá fi ọ̀pá gún gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọdẹ tó mọṣẹ́ ní ìwọ̀n tó fi ń wọn ẹ̀tù tirẹ̀, kò sì ní gbà kí ẹlòmíràn bá a kì í. Ibi tí wàhálà wà ni pé, ìbọn tí a ti kì àti èyí tí a ò tíì kì, bákan náà ni wọ́n rí lójú. Ọdẹ lè kì í nírọ̀lẹ́, kó má rí ohun tó máa yìn ín sí, kó gbé e kọ́ ara ògiri. Bó bá di ọjọ́ kejì, tí oorun ṣì wà lójú ẹ̀, á tún kó ẹ̀tù mìíràn lé ti àná. Ọjọ́ tó bá fa apátí, agbára ẹ̀tù méjì á máa du ọ̀nà àbájáde nínú ọ̀pá kan ṣoṣo. Bí ọ̀pá náà ò bá gbà á, ṣe ló máa fàya.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọdẹ ilẹ̀ wa nìkan ni irú èyí ń ṣe o. Lẹ́yìn ogun Gettysburg tí wọ́n jà ní Amẹ́ríkà lóṣù keje ọdún 1863, ìbọn tó lé ní 27,000 ni wọ́n ṣà lórí pápá. Nǹkan bí 24,000 ló ṣì ní ẹ̀tù àti ọta nínú. Bí 12,000 nínú wọn ló jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kì í, àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n kì lẹ́ẹ̀mẹ́ta títí dé ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Wọ́n ní ọ̀kan tiẹ̀ wà níbẹ̀ tí wọ́n kì lẹ́ẹ̀mẹ́tàlélógún! Ṣọ́jà tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ nìyẹn. Ẹ wá wo baba ọdẹ tó ti fi gbogbo ọ̀sán ṣiṣẹ́ mìíràn kó tó gbé fèrè.

Ọ̀pá ìbọn náà ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀. Ní ìlú Birmingham lọ́hùn-ún, láti 1813 ni òfin ti dá ilé kan sílẹ̀ tí wọ́n ti ń dán ìbọn wò. Wọ́n á ki ẹ̀tù tó pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá sínú rẹ̀, wọ́n á yìn ín níbi tí kò sí ènìyàn; èyí tí kò bá bẹ́ ni wọ́n ń lu òǹtẹ̀ mọ́ lára. Páìpù tí alágbẹ̀dẹ kan sọ di ìbọn ní kọ̀rọ̀, ta ló bá a dán an wò? Ẹni tó bá kọ́kọ́ yìn ín ni.

ÌBỌN ÌLÉWỌ́ TÓ Ń KI ARA RẸ̀

Ọ̀rọ̀ wá le sí i tó bá kan ìbọn ìléwọ́ ayé òde òní, ìyẹn èyí tó ń ki ara rẹ̀. Bí ọta kan bá ti jáde, agbára ẹ̀tù náà ló ń ti òkè ìbọn sẹ́yìn, á ta ìkarahun òfìfo dànù, á gbé ọta tuntun wọlé. Kí ojú tó ṣẹ́, ó ti tún ṣetán. Yíyára yìí ni àwọn ènìyàn fẹ́ràn lára rẹ̀, òun náà ló sì ń pa wọ́n, nítorí kò fún èèyàn láyè láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọta àkọ́kọ́.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, òfin gbà kí èèyàn jókòó sílé kó máa fọwọ́ ki ọta tirẹ̀. Wọ́n á ṣa ìkarahun tí wọ́n ti yìn, wọ́n á fi ìṣáná kékeré tuntun sí ìdí rẹ̀, wọ́n á wọn ẹ̀tù sí i, wọ́n á tẹ ọta sí ẹnu rẹ̀. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń ṣe é jọ ti alágbẹ̀dẹ wúrà, ìwé tí ilé iṣẹ́ ẹ̀tù tẹ̀ jáde sì máa ń wà níwájú wọn. Pẹ̀lú gbogbo ìṣọ́ra yìí náà, ìbọn ṣì ń bẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀tù tí ọta ìbọn ìléwọ́ onímílímítà mẹ́sàn-án ń lò kò tó ìdajì gíráàmù. Ó kéré sí iyọ̀ tí èèyàn fi ìka bù. Irú ẹ̀tù kan wà tó jẹ́ pé ìlọ́po méjì rẹ̀ á wọ inú ìkarahun náà láìdà sílẹ̀. Ẹni tó ń kì í dáhùn ìpè fóònù, ó padà wá, ó tún bu òmíràn sí i. Ó parí.

Èkejì burú jùyẹn lọ, nítorí pé ẹ̀rín ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Ó gbàgbé láti bu ẹ̀tù sí ọ̀kan. Ó yìn ín, dípò kó dún gbàù, ó dún púù. Ìṣáná ìdí rẹ̀ nìkan ló ti ọta náà, ọta ọ̀hún sì há sáàárín ọ̀pá. Bí onítọ̀hún bá rẹ́rìn-ín, tó fa òkè ìbọn sẹ́yìn kí ọta mìíràn lè wọlé, tó sì tún yìn ín, ogiri ló fẹ́ ki orí ọta kejì bọ̀. Ọ̀pá á wú tàbí kó fàya. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n fi ń sọ pé, bí ìró ìbọn bá ti yàtọ̀, kí èèyàn dúró síbẹ̀, kó kọjú ẹnu rẹ̀ síbi tí kò sí ẹnikẹ́ni, kó yọ gbogbo ọta inú rẹ̀, kó sì wo ihò ọ̀pá láti ìdí kó tó ṣe ohunkóhun.

Àwọn mìíràn tún wà. Ìkarahun tí wọ́n ti lò títí á gbó, á ya, ooru gbígbóná á sì tú sí ọwọ́ àti ojú. Ọta tí wọn kò tẹ̀ le dáadáa máa ń rì wọnú ìkarahun nígbà tí ìbọn bá ń gbé e wọlé, àyè á há fún ẹ̀tù, agbára rẹ̀ á sì ga sókè gan-an. Àbájọ tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìbọn fi kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé ẹni tó bá lo ọta àfọwọ́kì, ọrùn ara rẹ̀ ló wà.

Ọ̀kan tó kan àwọn ọdẹ wa tààrà rèé. Ẹ̀tù ò jọ ẹ̀tù! Ẹ̀tù dúdú tí àwọn baba wa mọ̀ ni wọ́n ṣe ṣakabùlà fún. Ẹ̀tù aláìlééfín, èyí tí Paul Vieille, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣe ní 1884, ló wà nínú kàtíríìjì òde òní, agbára rẹ̀ sì ju ti dúdú lọ fíìfíì. Ẹni tó bá tú kàtíríìjì, tó da ẹ̀tù inú rẹ̀ sí ṣakabùlà pẹ̀lú ìwọ̀n tó fi ń wọn ti dúdú, kì í ṣe ìbọn ló kì mọ́, bọ́ǹbù ló gbé sí èjìká. Ogun Kìríjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 làwọn jagunjagun Èkìtìparapọ̀ ti gba ìbọn tí wọ́n ń kì láti ìdí. Èkó ni ọta rẹ̀ ti ń wá. Kò sí alágbẹ̀dẹ tó lè kàn ṣe é bó ṣe wù ú.

KÍ NI ÒFIN WÍ?

Òfin ìbọn ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1959 pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìbọn ìléwọ́ wà nínú èyí tó jẹ́ èèwọ̀, Ààrẹ nìkan ló lè fúnni láṣẹ rẹ̀. Ìbọn ọdẹ oníkàtíríìjì ní láísẹ̀ńsì tirẹ̀, ṣakabùlà náà ní ìyọ̀ǹda tó yẹ kí wọ́n gbà. Òfin kan náà ló ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe ìbọn tàbí ọta bí kò bá ṣe níbi tí ìjọba yà sọ́tọ̀. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ọta, tí wọ́n ń pè ní DICON, Kàdúná ló wà láti 1964. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tó jókòó sí yàrá kan ní Ìkọ̀tún tó ń fọwọ́ ki ọta ìbọn ìléwọ́ ti lu òfin lọ́nà méjì kí ọta náà tó bẹ́ rárá. Òfin 1984 lórí ìdigunjalè àti ohun ìjà sì sọ pé ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún mẹ́wàá wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá ní ìbọn láìgbàṣẹ.

Ẹgbẹ́ onílé tó gba ọdẹ síṣẹ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ béèrè ìwé ìbọn rẹ̀, kó tó béèrè iye tó fẹ́ gbà lóṣù. Ọ̀pọ̀ ò ní béèrè. Wọ́n ń bẹ̀rù kó má lọ sí àdúgbò kejì.

Àwọn ará Ìkọ̀tún tó ti dàgbà ò ní gbàgbé ọjọ́ Sunday, January 27, 2002. Ọta àti bọ́ǹbù tí wọ́n kó pa mọ́ sí bárékè Ìkẹjà ló gbaná lọ́jọ́ náà, tí ilẹ̀ mì tìtì. Àwọn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ló kú, púpọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ pé odò Òkè-Àfá, tí kò jìnnà sí Ìkọ̀tún, ni wọ́n sá kó sí lóru. Ilé iṣẹ́ ló ṣe ohun ìjà wọ̀nyẹn o, ọwọ́ kọ́.

Ó kù síbì kan tí kì í jẹ́ kí àwọn ẹbí ọdẹ sùn. Baba kú, wọ́n sin ín, wọ́n ṣe ìṣípà ọdẹ fún un. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tú yàrá rẹ̀, wọ́n bá agolo ẹ̀tù kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àti ìbọn lára ògiri tí kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ó ti kì í. Ilé oníyàrá púpọ̀ ni, sítóòfù ń jó ní kọ́ríídọ̀. Kí wọ́n má ṣí agolo náà, kí wọ́n má sì fa apátí ìbọn náà láti fi dán an wò. Kí wọ́n kó àwọn ọmọdé jáde, kí wọ́n pa gbogbo iná, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá, kí ẹnì kan sì lọ pe ọlọ́pàá wá síbẹ̀. Kí ó má ṣe gbé agolo náà sórí ọ̀kadà lọ bá wọn.