Láptọ́ọ̀pù Tòkunbọ̀ Tí Windows 11 Kọ̀

Láti 14 Oṣù Kẹwàá 2025 ni Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró. Windows 11 ní tirẹ̀ ń béèrè TPM 2.0, èyí tí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí à ń rà ní Sango kò ní. Ṣé ká wá gbé e sọnù ni? Rárá o!

Linux wà, ọ̀fẹ́ sì ni. Ubuntu tí Mark Shuttleworth ọmọ South Africa dá sílẹ̀ ní 2004 lókìkí, àmọ́ ó wúwo fún ẹ̀rọ àtijọ́. Linux Mint Xfce ni mo fara mọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀: RAM 2GB lè gbé e, ojú rẹ̀ sì jọ Windows.

Ẹ fi Rufus gbé e sórí fíláàṣì 8GB. Kọ́pì lásán ò lè ṣiṣẹ́. Bí ẹ̀rọ bá ti ń tàn, ẹ tẹ F12 lórí Dell, F9 lórí HP, kẹ́ ẹ yan fíláàṣì. Orí fíláàṣì yẹn náà ló ti máa ṣiṣẹ́, kò ní fọwọ́ kan Windows yín. Ẹ wò ó bóyá Wi-Fi ń mú, bóyá ohùn ń jáde. Kẹ́ ẹ tó wá gbé e wọlé pátápátá, ẹ kó fáìlì yín pamọ́ síbòmíràn, torí ó lè pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

LibreOffice inú rẹ̀ ń ṣí iṣẹ́ Word. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi CorelDRAW ṣe ìwé ìpè, ẹ má tíì ṣí lọ o. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá náà wà níbẹ̀, lábẹ́ Nigeria.