Ilé Wo Ni Kí Á Gbé Ìsọ̀ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Wa Sí?

Òwò kì í ṣe ohun tí à ń ṣe ní ojú pópó àti inú ọjà nìkan mọ́. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó jáde ní ilé-kéwú wa ló ti di oníṣòwò: ẹnìkan ń ta ìwé, ẹnìkan ń ta jàlàbíà àti híjáàbù, ẹlòmíràn ń ta tùràrí. Wọ́n fẹ́ kí ẹni tó wà ní Ìlọrin àti ẹni tó wà ní London lè ra ọjà wọn láìkúrò nílé. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń bi wá léèrè pé ilé-iṣẹ́ wo ni kí àwọn gbé ìsọ̀ àwọn sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìbéèrè náà kò ṣe é fi gbólóhùn kan dáhùn, nítorí náà ni a ṣe fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ níhìn-ín. Kókó ohun tí a fẹ́ kí ó yé yín ni pé ibi tó tọ́ fún ìsọ̀ yín ni ibi tí ẹ ti lè kó ẹrù yín jáde láìpàdánù ní ọjọ́ tí ọ̀ràn bá dé. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ owó pọ́ọ́kú tó kàn.

KÍ NI WỌ́N Ń PÈ NÍ HOSTING?

Ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì kò sí ní ojú sánmà. Àwòrán ọjà, iye owó rẹ̀, orúkọ àwọn oníbàárà àti àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n rà, inú kọ̀ǹpútà kan ni gbogbo rẹ̀ wà. Kọ̀ǹpútà yìí, tí wọ́n ń pè ní server, kì í sùn tọ̀sán-tòru. Iná kò gbọdọ̀ kú lórí rẹ̀, ooru kò sì gbọdọ̀ mú un. Nítorí pé agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ká èyí, àwọn ilé-iṣẹ́ kan kọ́ ilé ńláńlá, wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà sí i pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ amúlétutù, wọ́n sì ń fi àyè ibẹ̀ háyà fún àwọn ènìyàn. Àyè tí a háyà yìí ni hosting. Àwọn ni onílé, àwa ni ayálégbé.

Oríṣi mẹ́rin ni àyè náà pín sí:

Ìkíní ni àyè àjọlò, tí wọ́n ń pè ní shared hosting. Ó dà bí ilé face-me-I-face-you. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìkànnì lè wà lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n bí aládùúgbò kan bá ṣí ẹ̀rọ omi rẹ̀ sílẹ̀, tiyín kò ní í dà dáadáa.

Ìkejì ni VPS. Èyí dà bí self-contain: inú ilé kan náà ni ẹ wà pẹ̀lú àwọn yòókù, ṣùgbọ́n ẹ ní ilé ìdáná àti balùwẹ̀ tiyín. Ẹ nílò ẹni tó mọ iṣẹ́ tí yóò máa tọ́jú rẹ̀, tàbí kí ẹ san owó kún un kí onílé máa bá yín tọ́jú rẹ̀.

Ìkẹta ni kí a háyà odidi kọ̀ǹpútà kan. Owó rẹ̀ pọ̀, àwọn tí títà wọn ti gbòòrò ló wà fún.

Ìkẹrin ni ìsọ̀ tí onílé ti tò sílẹ̀ dé orí tábìlì àti àpótí owó, bíi ti Shopify, ilé-iṣẹ́ Kánádà tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2006. Kò sí wàhálà kọ̀ǹpútà fún yín níbẹ̀, ẹ kàn máa to ọjà yín ni. Ṣùgbọ́n òfin onílé ni ẹ ó tẹ̀ lé, bí ẹ bá sì fẹ́ kó jáde, ẹ lè kó àkọsílẹ̀ ọjà yín, ẹ kò lè gbé ìsọ̀ náà fúnra rẹ̀. WooCommerce yàtọ̀ sí èyí. Ọdún 2011 ni ó jáde, ọ̀fẹ́ ni, orí WordPress ni ó sì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá fi kọ́ ìsọ̀ rẹ̀ lè gbé e láti ọ̀dọ̀ onílé kan lọ sí ọ̀dọ̀ òmíràn.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tí ọjà rẹ̀ kò pọ̀, oríṣi kìíní tàbí ìkẹrin tó o. Kò sí ìdí tí yóò fi jẹ gbèsè nítorí odidi ilé.

OHUN MÁRÙN-ÚN TÓ YẸ KÍ Á WÒ

1. Ta ni ó ni orúkọ ìsọ̀? Orúkọ ìsọ̀, tí wọ́n ń pè ní domain, yàtọ̀ sí àyè tí ìsọ̀ wà. Orúkọ yìí ni pátákó tí oníbàárà ń wò kí ó tó yà wọlé. Ẹgbẹ́ NiRA ló ń mójú tó àwọn orúkọ tó parí sí .ng, àwọn ilé-iṣẹ́ tí NiRA fún ní àṣẹ ló sì ń tà wọ́n fún wa. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé oníṣòwò á ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ kọ̀ǹpútà bá òun ṣe gbogbo rẹ̀, ọmọ náà á sì fi orúkọ àti í-meèlì ara rẹ̀ gba domain. Bí ọdún méjì bá kọjá, ó lè ti lọ sí òkè òkun, tàbí kí àárín wọn ti dàrú. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ni wọn yóò dá lóhùn. Ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù.

Nítorí náà, ẹ fi orúkọ yín, í-meèlì yín àti nọ́ńbà fóònù yín gbà á. Ẹ kọ ọjọ́ tí owó rẹ̀ yóò parí sára kàlẹ́ńdà, nítorí pé ẹni tí kò bá san án padà lásìkò, ẹlòmíràn lè rà á. Ó sì dára kí ẹ ra orúkọ ní ibì kan, kí ẹ háyà àyè ní ibòmíràn. Bí ìjà bá dé láàárín yín àti onílé, pátákó yín kò ní í há sí i lọ́wọ́.

2. Níbo ni ẹ̀dà ìpamọ́ wà? Ní òru ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 2021, iná sọ ní ọgbà tí ilé-iṣẹ́ OVHcloud kó kọ̀ǹpútà sí ní ìlú Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé. Ilé alájà márùn-ún kan jóná ráúráú, iná náà sì ràn mọ́ apá kan ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó fara pa. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ Netcraft, tó máa ń ka iye ìkànnì tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, sọ pé ìkànnì mílíọ̀nù 3.6 ni kò ṣí mọ́. OVHcloud kì í sì í ṣe ilé-iṣẹ́ kékeré. Ó wà lára àwọn tó tóbi jù lọ ní Yúróòpù.

Àwọn tó ní ẹ̀dà ní ìlú mìíràn padà sẹ́nu òwò wọn. Àwọn tí ẹ̀dà wọn wà nínú ọgbà kan náà pàdánù ohun tí wọ́n ní àti ẹ̀dà rẹ̀ pọ̀. Àwọn kan kò tilẹ̀ ní ẹ̀dà kankan, wọ́n rò pé onílé ń bá wọn ṣe é. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi onílé pé: ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀ ni ẹ ń ṣe ẹ̀dà? Ṣé ilé kan náà ni ẹ ń kó o sí? Èló ni ẹ óò gbà láti dá a padà fún wa? Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin fúnra yín máa gba ẹ̀dà sórí kọ̀ǹpútà tiyín, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ojoojúmọ́ bí títà bá pọ̀. Ẹ sì máa dán an wò bóyá ó ń ṣí. Ẹ̀dà tí a kò dán wò rí kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé.

3. Ta ni ó ń tọ́jú àṣírí oníbàárà? Nọ́ńbà fóònù, àdírẹ́sì ilé àti owó oníbàárà, àmánà ni wọ́n lọ́wọ́ oníṣòwò. Àdírẹ́sì ìsọ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú https, kí ẹni tó wà lójú ọ̀nà má baà lè ka ohun tí oníbàárà kọ. Láti oṣù keje ọdún 2018 ni Chrome ti ń kìlọ̀ fún ènìyàn pé ìkànnì tí kò ní i kò ní ààbò. Ẹgbẹ́ Let's Encrypt ti ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 2015, nítorí náà, onílé tó bá ń gba owó gọbọi lórí rẹ̀, ẹ béèrè ìdí.

Ní ti nọ́ńbà káàdì báńkì, ẹ má jẹ́ kí ó wọ inú ìsọ̀ yín rárá. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Paystack, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015, àti Flutterwave, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016, lè gba owó náà lójú ewé tiwọn, kí wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí báńkì yín. Ohun tí kò sí lọ́wọ́ yín, olè kò lè jí i lọ́wọ́ yín. Òfin tí Nàìjíríà ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 2023 sọ pé bí àṣírí oníbàárà bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́nà tó lè ṣe wọ́n ní jàǹbá, wákàtí 72 péré ni oníṣòwò ní láti fi tó àjọ tó ń mójú tó o létí.

4. Wákàtí mélòó ni ìsọ̀ yóò fi wà ní títì? Onílé máa ń ṣèlérí pé ìsọ̀ yóò wà ní ṣíṣí fún ìdá 99 tàbí 99.9 nínú ọgọ́rùn-ún. Méjèèjì jọra lójú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Wákàtí 8,760 ló wà nínú ọdún kan. Ẹni tó ṣèlérí 99 lè ti ìsọ̀ yín fún wákàtí 87, èyí ju ọjọ́ mẹ́ta àbọ̀ lọ. Ẹni tó ṣèlérí 99.9 kò ní í ju wákàtí mẹ́sàn-án lọ. Bí wákàtí mẹ́sàn-án yìí bá sì bọ́ sí ọ̀sẹ̀ Ìléyá, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń ra aṣọ, èrè ọ̀pọ̀ oṣù ló lọ yẹn. Ẹ ka àdéhùn náà dáadáa: ohun tí púpọ̀ nínú wọn máa ń dá padà kò ju díẹ̀ lára owó háyà lọ, wọn kì í san èrè tó sọnù. Ẹ sì ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní àyè òun kò lópin. Kò sí kọ̀ǹpútà tí agbára rẹ̀ kò lópin.

5. Níbo ni àwọn oníbàárà wà? Bí wọ́n bá wà ní Èkó àti Ìbàdàn, tí kọ̀ǹpútà sì wà ní Yúróòpù, abẹ́ òkun ni ọ̀rọ̀ yóò máa gbà lọ, tí yóò sì máa gbà bọ̀. Okùn MainOne nìkan, tó ti Pọ́túgà dé Èkó, gùn tó kìlómítà 7,000. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin bàjẹ́ lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Íntánẹ́ẹ̀tì dẹnu kọlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì kan àwọn báńkì ní Nàìjíríà. Ìsọ̀ tó wà ní Èkó lè dé ọ̀dọ̀ oníbàárà ní Ọ̀ṣogbo láìgba abẹ́ òkun. Ṣùgbọ́n bí púpọ̀ nínú àwọn oníbàárà yín bá wà ní London, ó sàn kí ìsọ̀ wà nítòsí wọn níbẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ OWÓ

Owó ọdún àkọ́kọ́ kì í sábà jẹ́ owó ọdún kejì. Ọ̀pọ̀ onílé máa ń dín owó fún àlejò, tí yóò sì fò sókè nígbà tí ẹ bá fẹ́ san án padà. Iye ọdún kejì ni kí ẹ béèrè. Bí ó bá sì jẹ́ dọ́là ni wọ́n ń gbà, ẹ rántí pé láti oṣù kẹfà ọdún 2023 títí di ìparí ọdún 2024, iye náírà tí a fi ń ra dọ́là kan ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ kọ ìbéèrè kan sí wọn lóru tàbí ní ọjọ́ Àìkú, kí ẹ wo bí wọn yóò ti pẹ́ tó kí wọ́n tó dáhùn. Bí wọn yóò ti ṣe sí ẹni tó ti wọlé tán kò ní í dára ju bí wọ́n ti ṣe sí ẹni tó fẹ́ wọlé lọ.

Ní ìparí, ẹ̀yin ọmọ wa oníṣòwò, ẹ má jẹ́ kí owó pọ́ọ́kú tàn yín. Kí orúkọ ìsọ̀ wà ní orúkọ yín, kí ẹ̀dà wà lọ́wọ́ yín, kí nọ́ńbà káàdì oníbàárà má sí lọ́dọ̀ yín. Bí nǹkan mẹ́ta yìí bá pé, onílé lè lé yín, ilé lè jóná, okùn sì lè gé, síbẹ̀ ẹ ó ṣí ìsọ̀ yín ní ibòmíràn, àwọn oníbàárà yín yóò sì bá yín níbẹ̀. Ọlọ́hun yóò fi ìbùkún sí òwò wa.